IṢẸ́ TÍ A RÁN WA

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan láàárín wa bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún, tí a tẹ̀ síhìn-ín fún àwọn ará ilé àti àwọn ará ìdálẹ̀



Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí Kristẹni ṣe lè mọ ohun tí Ọlọ́run torí rẹ̀ dá a, kí ó sì máa ṣe é, ẹ̀rù bà mí. Èmi kì í ṣe àlùfáà. Olùkọ́ ni mí. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo ronú pé olùkọ́ ni ó ń wà pẹ̀lú ọmọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kí ìyá àti bàbá rẹ̀ tó ti oko dé. Púpọ̀ nínú ohun tí n óò sọ lónìí, inú kíláàsì ni mo ti rí i. Èyí tí ó sì dùn mí jù nínú rẹ̀, inú àṣìṣe ara mi ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tí ìwé dé ni àwọn bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún ní ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àkúnlẹ̀yàn àti ìpín, tí wọ́n ń sọ pé olúkúlùkù ni ó kúnlẹ̀ yan ohun tí yóò dà láyé. Àwa tí a gba Kristi kò gbà pé ènìyàn ni ó yan iṣẹ́ fún ara rẹ̀. A gbà pé a rán wa ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Ẹni tí ó yan nǹkan fúnra rẹ̀ lè sọ pé tòun ni, kí ó sì ṣe é bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán níṣẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ náà ní ẹni tí ó ni ín, ó sì ní ẹni tí a rán òun sí. Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olúkúlùkù wa máa bi ara rẹ̀. Ta ni ó rán mi? Kí ni ó fi lé mi lọ́wọ́? Ta ni ó rán mi sí? Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ohun tí ó wá ṣe láyé. Ẹni tí kò bá lè dáhùn wọn lè lówó, ó lè kọ́lé, ó lè jẹ oyè. Ṣùgbọ́n yóò dàbí ọmọ tí a rán lọ sí ọjà, tí ó gbàgbé ohun tí a ní kí ó rà, tí ó wá dúró ń wo àwọn onílù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ iṣẹ́ náà? Mo rí ọ̀nà mẹ́ta nínú Ìwé Mímọ́ àti nínú ìtàn ilẹ̀ wa.

Èkínní, a máa ń rí i nínú ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pá darandaran ni ó wà lọ́wọ́ Mósè nígbà tí Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀, ọ̀pá náà ni Ọlọ́run sì lò. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó wà lọ́wọ́ Tàbítà tí a tún ń pè ní Dọ́káàsì ní Jópà. A kò kà á níbìkan pé ohùn kan ti ọ̀run pè é. Ó rí i pé àwọn opó wà níhòòhò, ó sì mọ aṣọ rán. Ó pa méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn opó kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ tí ó rán fún wọn ni wọ́n gbé jáde tí wọ́n ń fi han Pétérù.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí kò jìnnà sí wa wá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904 ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá, ìlú kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, lẹ́yìn ààlà Èkìtì ní apá àríwá wa níhìn-ín. Ìwé rẹ̀ kò ga púpọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ ìjọba níbi tí a ti ń ṣe ojú ọ̀nà, ó sì ń wa ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ilẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ń tún un ṣe lọ́wọ́ ni ó gbọ́ ìpè pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó lọ wàásù. Ní oṣù keje ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, iná ìsọjí náà sì ràn dé ilẹ̀ Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè di ọ̀kan nínú ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ jù, ibẹ̀ sì ni a sin ín sí nígbà tí ó kú ní ọdún 1959.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń gbọ́ ìtàn yìí tí ó ń wù wọ́n kí àwọn náà gbọ́ ohùn. Wọ́n rántí ohùn, wọ́n gbàgbé ẹ̀rọ. Ọkùnrin yìí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó máa wá ìpè kiri. Ìdí iṣẹ́ ni ìpè ti bá a, pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ń ṣe èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ tọkàntọkàn, báwo ni yóò ṣe mọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ fi òmíràn lé e lọ́wọ́?

Èkejì, a máa ń rí iṣẹ́ wa nínú ìṣòro tí ó bá wa. Ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886, tí àwọn jagunjagun kò sì tú ká pátápátá títí di ọdún 1893. Ní àwọn ọdún ogun, a kó àwọn ọmọ Èkìtì lẹ́rú lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nínú wọn ni àwọn kan ti gbọ́ ìhìnrere níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí àlàáfíà dé, wọ́n padà sílé, wọ́n sì mú ìwé àti àdúrà dání. Ní Adó, orúkọ Babamúbọ̀ni ni a kì í gbàgbé láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kí òyìnbó ajíhìnrere tó wá jókòó ní Èkìtì, àwọn ọmọ wa tí a ti tà ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìhìnrere wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Àjàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, èdè ìyá rẹ̀ tí a fẹ́ já a gbà kúrò nínú rẹ̀ ni ó sì fi ṣiṣẹ́ títí a fi ní Bíbélì lédè Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi gbọ́ òdì. Èmi kò sọ pé oko ẹrú dára, n kò sì sọ pé Ọlọ́run ni ó tà wọ́n. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe ibi náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù ni ó tà á sí Íjíbítì. Ohun tí mo ń sọ ni pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí ibi náà ni ín. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ti pa ọ́ lẹ́kún rí nínú ayé rẹ, má ṣe yára sin ín. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn tí ohun kan náà ń pa lẹ́kún lónìí ni a rán ọ sí.

Ẹ̀kẹta, a máa ń rí iṣẹ́ wa láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ìlú wa gan-an, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ìtàn Crowther àti àwọn ajíhìnrere ìgbà náà fún gbogbo ayé kà, ọmọ Ìkòlé yìí ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1929 ni a bí Jacob Festus Adé Àjàyí níhìn-ín. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Paul's ti ìlú yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó lọ sí Adó, sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó sọ fún un nípa Igbobi College ní Èkó. Ó gbìyànjú, ó wọlé, owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ Ìkòlé ni ó sì gbé e lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Ìbàdàn, tí ó fi dé Leicester àti London. Ní ọdún 1965 ni a tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ajíhìnrere ní Nàìjíríà láti 1841 di 1891. Nínú ìwé náà, àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣiṣẹ́ ìhìnrere kò dúró ní ẹ̀yìn òyìnbó bí arẹrù. Ó fi wọ́n hàn bí ẹni tí ń kọ́ ilé tuntun.

Ẹ wò ó dáadáa. Bí a ti mọ ìtàn yìí, kò sí ohùn kan láti òfuurufú nínú rẹ̀. Ohùn ọ̀rẹ́ ni ó wà níbẹ̀, àti àpò owó ìlú. Ká ní ọ̀rẹ́ yẹn panu mọ́ ni, tàbí ká ní àwọn aláṣẹ wí pé kí owó ìlú wà fún ohun mìíràn, ta ni ó mọ ibi tí ìtàn ì bá parí sí? Ọlọ́run ni ó ń rán ni níṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ẹnu àti ọwọ́ ènìyàn ni ó fi ń jíṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi dé ibi tí mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ níwájú yín.

Nígbà tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ ni mo fẹ́ ṣe. Báńkì ni ojú mi wà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ìwé ìwáṣẹ́ sí Èkó. Kíláàsì tí a fún mi ní ìgbèríko dàbí ibùdókọ̀ lójú mi, níbi tí mo ti ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì náà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni ó ń gbé. Kò mọ ìṣirò, kò lè ka ìwé já gaara, ó sì máa ń pẹ́ dé. Ní ọjọ́ kan, agogo ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ wa dúró. Nígbà tí mo dé láti ìpàdé, mo bá ọmọ yìí lórí ilẹ̀, ó ti tú agogo náà palẹ̀, ó to irin rẹ̀ sórí ìwé bí ẹni to èèpo ẹ̀pà. N kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Mo nà án, mo kó irin náà sínú páálí, mo sì ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ àgbà pé kí ó wá san owó agogo. Obìnrin náà tà nínú iṣu rẹ̀ kí ó tó rí i san. Nínú ìwé àbájáde ìdánwò ọmọ náà ní òpin ọdún, mo kọ ọ́ pé kò ní làákàyè. Ọmọ náà kò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún kejì.

Ó tó ọdún méjìlá lẹ́yìn èyí. Ẹ̀rọ tí ń fa omi fún àdúgbò wa bàjẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò sì ti gbẹ. Àwọn ìyá ń fi orí ru omi láti ọ̀nà jíjìn. A gbọ́ pé oníṣẹ́ kan wà tí ó mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, a sì ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Òun ni. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó to irin rẹ̀ sórí aṣọ kan lọ́nà kan náà tí mo ti rí rí, ó sì tò ó padà. Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti ń tú jáde, àwọn ọmọdé ń pariwo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, agogo ọjọ́ yẹn ì bá ṣiṣẹ́, ká ní ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i ni.”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo dé ilé, n kò lè jẹun. Ohun tí ó yé mi ní alẹ́ ọjọ́ náà ni pé kì í ṣe ìbínú nìkan ni ó mú mi nà án. N kò ka iṣẹ́ tèmi sí iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán mi, nítorí náà n kò lè rí èyí tí ó rán ọmọ náà, bí ó tilẹ̀ tò ó sílẹ̀ níwájú mi lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí a rán an kì í pàdánù tirẹ̀ nìkan. Òun náà ni í máa dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dẹ́kun wíwo ojú ọ̀nà Èkó. Mo bẹ ọmọ náà. Ó dárí jì mí. Ìyá rẹ̀ àgbà ti kú kí n tó lè bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ará, ohun mélòó kan ni ó ń dí wa lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa òbí a máa yan iṣẹ́ fún ọmọ nítorí ohun tí àwọn aládùúgbò yóò wí. Gbogbo ọmọ ni a fẹ́ kí ó jẹ́ dókítà tàbí lọ́yà, bí ẹni pé àwọn dókítà àti lọ́yà kò ní wọ bàtà tí ènìyàn rán, tí wọn kò sì ní sùn sínú ilé tí ènìyàn kọ́. Àwọn mìíràn a máa gbé ọmọ lọ láti ọ̀dọ̀ aríran kan dé òmíràn. Mo mọ ìdílé kan tí ó ná owó ìdánwò ọmọ fún ẹni tí ó ní òun yóò wo àyànmọ́ rẹ̀. Ọdún ìdánwò náà kọjá lọ, ọmọ jókòó sílé. Èmi gbà pé Ọlọ́run ṣì ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí ó dá ọmọ rẹ kò ní fi àṣírí ọmọ náà pamọ́ fún ìwọ tí o ń rí i lójoojúmọ́, kí ó wá máa tà á fún àjèjì.

Ẹ má sì ṣe rò pé ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí ọ̀nà tí ó tẹ́jú. A fi Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní ọdún 1932. Crowther ti di arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún kí àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó tó gba agbára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1890. Ó kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàyí jẹ́ olórí Yunifásítì Èkó láti 1972, ìjọba sì yọ ọ́ ní 1978 lẹ́yìn rúkèrúdò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó padà sídìí ìwé rẹ̀, ó sì ń ṣe é lọ títí ó fi dàgbà, kí ó tó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Oyè ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìjọba tí ó lè gba iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìyàtọ̀ àárín méjèèjì.

Kí ni mo wá ń bẹ ẹgbẹ́ wa? Nígbà èwe àwọn bàbá wa, ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé gíga gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀. Lónìí, Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011, apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkòlé níhìn-ín; ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ọ̀nà ti kúrú. Ojú tí yóò máa rí ohun tí Ọlọ́run fi sínú ọmọ ni ó kù. Nítorí náà, mo bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́ta.

Kí apá kan nínú owó ìrànwọ́ tí ẹgbẹ́ ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí a ra irinṣẹ́ fún wọn ní ọjọ́ ìgbòmìnira wọn, kí a sì pe orúkọ wọn ní gbangba gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ti àwọn tí ó gba oyè ìwé.

Kí ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, nígbà tí ẹ bá wálé fún ọdún, yọ̀ǹda òwúrọ̀ kan péré fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ rí kò mọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ ti ṣe dé ibi tí ẹ dé, ẹ má sì fi ọjọ́ tí ẹ sunkún pamọ́ fún wọn.

Kí àwa olùkọ́, ní ọ̀wọ̀ yín, ní ìwé kan tí a óò máa kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe sí, yàtọ̀ sí èyí tí a ń kọ ohun tí kò mọ̀ sí. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Orúkọ tí ó wà lókè ojú ewé àkọ́kọ́ ni ti ọmọ alágogo, kí n má baà gbàgbé.

Olúwa wa pa òwe ìránṣẹ́ mẹ́ta kan tí ọ̀gá wọn fi owó lé lọ́wọ́. Kò sí olè tí ó jí ti ẹni ìkẹyìn, iná kò sì jó o. Ó kàn rì í mọ́lẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a ri tiwa mọ́lẹ̀, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa wa ilẹ̀ tí a óò ri ti ọmọ ọlọ́mọ sí. Nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, tí Ẹni tí ó rán wa bá béèrè, kí olúkúlùkù wa lè dáhùn pé: Olúwa, mo jẹ́ ẹ.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa, kí ó bùkún ilẹ̀ Èkìtì, kí ó sì mú olúkúlùkù padà sí ibùgbé rẹ̀ láyọ̀. Àmín.